Bí Ẹ Ṣe Máa Mọ Ọdún Tí Àyẹ̀wò Ìfun Ńlá Yín Tó Kàn Bọ́ Sí

Bi ẹni tó ti ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ìfun ńlá rí pé ìgbà wo ló tún máa padà lọ, ohun tí wàá gbọ́ kì í sábà ju mẹ́ta lọ. "Wọn ò rí nǹkan kan, ó ti parí nìyẹn." "Ọdọọdún ni mo ń ṣe tèmi, kí ọkàn mi lè balẹ̀." "Wọ́n ní ó di ọdún 10." Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè ṣì í. Ó lè jẹ́ ìgbẹ́ ni ẹni àkọ́kọ́ fi ṣàyẹ̀wò, ọdún kan péré sì ni irú èsì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbé. Ẹnì kejì lè máa ki ara rẹ̀ bọ ewu tí kò pọn dandan. Ní ti ẹnì kẹta, ó ṣeé ṣe kó ti gbàgbé pé wọ́n gé nǹkan mẹ́ta kúrò nínú ìfun òun lọ́jọ́ náà, ọdún 10 sì ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ látìgbà yẹn.

Ọjọ́ orí ló ń sọ ìgbà tí èèyàn máa bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó máa dáwọ́ dúró. Gbogbo ohun tó wà láàárín, èsì tó gbẹ̀yìn ló ń pàṣẹ fún un. Ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ọdún tí a máa kọ síbí yìí bá ìlànà ọdún 2021 ti USPSTF mu, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí àyẹ̀wò àìsàn ní Amẹ́ríkà, àti ti ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìfun ní orílẹ̀-èdè náà lọ́dún 2020. Bí ti orílẹ̀-èdè yín bá yàtọ̀ díẹ̀, ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ ò yàtọ̀.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

- Ìwé èsì kọlonóskópì tó gbẹ̀yìn, bí ẹ bá ti ṣe é rí. Kọlonóskópì ni èyí tí wọ́n ti ń fi kámẹ́rà orí rọ́bà gba ìdí wọlé láti wo ìfun ńlá.
- Ìwé láàbù tó tẹ̀ lé e, bí wọ́n bá gé nǹkan kan. Ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni o. Ẹ máa gba ti àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ti láàbù sì lè tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kó tó dé. Ọ̀pọ̀ ò padà lọ gbà á, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ni ìdáhùn wà.
- Ọjọ́ tí ẹ ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́ gbẹ̀yìn, àti orúkọ irú èyí tí ẹ ṣe.
- Orúkọ bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọmọ tó bá ti ní jẹjẹrẹ ìfun, pẹ̀lú ọjọ́ orí tí wọ́n wà nígbà tí wọ́n rí i lára wọn.
- Àwọn oògùn tí ẹ ń lò, pàápàá èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ti ìtọ̀ ṣúgà, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní áyọ́ọ̀nù nínú.

1. Ẹ rí i dájú pé kò sí nǹkan kan tó ń ṣe yín

Ẹni tí ara ẹ̀ dá ni gbogbo ìṣirò ọdún yìí wà fún. Bí ẹ bá ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, bí ìgbẹ́ yín bá yí padà tí kò sì bọ̀ sípò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí ẹ bá ń rù láìjẹ́ pé ẹ fẹ́ rù, tàbí tí wọ́n sọ pé ẹ̀jẹ̀ yín lọ sílẹ̀ nítorí áyọ́ọ̀nù tí kò tó, ẹ pa kàlẹ́ńdà tì, kí ẹ lọ rí dókítà. Ọdún mélòó ló kù ò kan ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń kọsẹ̀ jù níbí ni jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹ̀jẹ̀ hàn lára bébà, wọ́n ní "jẹ̀díjẹ̀dí mi ló tún dé," ọdún méjì sì kọjá. Jẹ̀díjẹ̀dí àti jẹjẹrẹ lè jọ wà lára ẹnì kan ṣoṣo, àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ nìkan ò sì tó láti fi yà wọ́n. Bákan náà, àyẹ̀wò tó dáa lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn kì í pa àmì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lónìí rẹ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* bí kò bá sí ìkankan nínú àwọn àmì yẹn, ẹ bọ́ sí ìpele kejì.

2. Ẹ mọ ìsọ̀rí tí ẹ wà

*Ìsọ̀rí àkọ́kọ́* ni ti ẹni tí kò ní jẹjẹrẹ ìfun rí, tí wọn ò gé pọ́líìpù (ẹran kékeré tó máa ń hù lára ògiri ìfun) kúrò lára ẹ̀ rí, tí kò ní àìsàn tó ń mú kí ìfun máa wú kó sì máa dá egbò, tí kò sì sẹ́ni tó ní jẹjẹrẹ ìfun nínú òbí, ọmọ ìyá tàbí ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ọdún 45 ló máa bẹ̀rẹ̀. Ní England, ọdún 50 ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀.

*Ìsọ̀rí kejì* ni ti ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn nínú ìdílé. Bí wọ́n bá rí jẹjẹrẹ ìfun lára òbí, ọmọ ìyá tàbí ọmọ yín kan kí ẹni náà tó pé ọdún 60, tàbí tó jẹ́ pé èèyàn méjì nínú wọn ló ní in lọ́jọ́ orí yòówù, kọlonóskópì ni tiyín, ọdún márùn-ún márùn-ún. Ọdún 40 lẹ máa bẹ̀rẹ̀, tàbí kí ẹ yọ 10 kúrò nínú ọjọ́ orí ẹni tó kéré jù nígbà tí wọ́n rí i. Èyí tó bá yá jù nínú méjèèjì ni kí ẹ mú. Bí wọ́n bá rí i lára ẹ̀gbọ́n yín nígbà tó wà ní 47, 37 ni tiyín. Bó bá jẹ́ bàbá ni, tí wọ́n sì wà ní 58, ìyọkúrò á mú 48 wá, àmọ́ 40 yá ju 48 lọ, 40 náà ni. Bó bá wá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, tó sì ti lé ní 60 nígbà yẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 40 ṣùgbọ́n ẹ lè lo àyẹ̀wò àti iye ọdún tí àwọn ti ìsọ̀rí àkọ́kọ́ ń lò.

Pọ́líìpù ńlá tí wọ́n gé lára mọ̀lẹ́bí, èyí tó tó mìlímítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, dà bí jẹjẹrẹ nínú ìṣirò yìí. Ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ò pọ̀.

*Ìsọ̀rí kẹta*, ọwọ́ dókítà ìfun ni kó wà pátápátá. Ẹni tó ní Lynch syndrome, àìsàn àjogúnbá tó ń mú kí jẹjẹrẹ ìfun tètè yọ, máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 20 sí 25, ọdún kan tàbí méjì síra. Ẹni tó ní FAP, àìsàn àjogúnbá tí pọ́líìpù fi ń hù rẹpẹtẹ nínú ìfun, máa ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, nǹkan bí ọdún 10 sí 12. Ẹni tó ní ulcerative colitis tàbí Crohn's tó mú ìfun ńlá, ìyẹn àwọn àìsàn tó ń mú kí ìfun wú kó sì dá egbò, máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kẹjọ lẹ́yìn tí àmì rẹ̀ kọ́kọ́ yọ. Ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ìfun fún máa ń ṣe é ní ọdún kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Bó bá mọ́, ó di ọdún mẹ́ta sí i, lẹ́yìn náà ọdún márùn-ún.

Bí ẹ bá ń bi àwọn àgbà nínú ìdílé, ẹ má wulẹ̀ béèrè pé "Ṣé ẹnikẹ́ni ní jẹjẹrẹ?" Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n máa ń dáhùn, torí wọn ò pè é lórúkọ yẹn nígbà náà, inú rírun ni wọ́n mọ̀ pé ó pa ẹni náà. Ẹ bi wọ́n pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn níkùn? Ṣé wọ́n so àpò mọ́ wọn níkùn tí ìgbẹ́ ń gbà jáde? Ṣé ẹ̀jẹ̀ máa ń jáde lára wọn bí wọ́n bá yàgbẹ́? Ṣé wọ́n ti bí àbíkẹ́yìn nígbà yẹn?" Ìbéèrè ìkẹyìn ló máa jẹ́ kí ẹ fojú díwọ̀n ọjọ́ orí, torí ó rọrùn fún àwọn àgbà láti rántí ìbí ju kí wọ́n rántí ọdún.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ gbọ́dọ̀ lè fi gbólóhùn kan sọ ìsọ̀rí yín, ọjọ́ orí tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀, àti ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

3. Irú àyẹ̀wò ló ń sọ iye ọdún

Fún ìsọ̀rí àkọ́kọ́, bí èsì bá dáa:

- FIT, èyí tó ń wá ẹ̀jẹ̀ tí ojú ò lè rí nínú ìgbẹ́: lọ́dọọdún. Ní England, ọdún méjì méjì ni.
- Àyẹ̀wò ìgbẹ́ tó ń wo DNA pọ̀ mọ́ FIT: ọdún kan sí mẹ́ta, mẹ́ta ló wọ́pọ̀.
- CT ìfun ńlá, fọ́tò inú ìfun tí ẹ̀rọ ń yà láti ìta ara: ọdún 5.
- Sigmoidoscopy, tí kámẹ́rà ò ti kọjá apá ìsàlẹ̀ ìfun: ọdún 5, tàbí 10 bí FIT ọdọọdún bá tẹ̀ lé e.
- Kọlonóskópì: ọdún 10.

Kí ló dé tí ti ìgbẹ́ fi yá bẹ́ẹ̀? Pọ́líìpù kì í ṣẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́. Èyí tí kò ṣẹ̀jẹ̀ lọ́dún yìí lè ṣẹ̀jẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, àṣetúnṣe ni FIT fi ń mú un. Kámẹ́rà ní tiẹ̀ ń rí pọ́líìpù fúnra rẹ̀, wọ́n á sì gé e lójú ẹsẹ̀. Níwọ̀n bí èyí tó máa di jẹjẹrẹ nínú wọn ti sábà máa ń lò tó ọdún 10 kó tó yí, ìfun tó mọ́ lónìí ní ìsinmi gígùn níwájú. Torí náà, FIT ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún márùn-ún ò tó. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní rántí lọ́dọọdún, ẹ yan èyí tó jìnnà síra.

Bí FIT lẹ bá yàn, ibi tó máa ń bàjẹ́ sí rèé. Ìgbẹ́ ò gbọ́dọ̀ kan omi ṣáláńgá. Ẹ tẹ́ bébà tàbí ọ̀rá sí i kó lè dúró lórí ẹ̀. Ẹ fi igi inú ìgò náà ha ojú ìgbẹ́ níbi mélòó kan, kó kàn kún ojú ihò ara rẹ̀, kì í ṣe kí ẹ bù ú bí ìṣù. Ẹ kọ ọjọ́ sára ìgò. Ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì, torí ooru ń ba ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́, èsì á sì jáde bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ẹ má ṣe é nígbà nǹkan oṣù. FIT kò béèrè kí ẹ yẹra fún oúnjẹ kankan. Àyẹ̀wò àtijọ́ tí wọ́n ń fi ìgbẹ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹta ṣe ló ní èèwọ̀ oúnjẹ. Ìgbẹ́ díẹ̀ tí dókítà fi ìka mú nídìí yín ní ọ́fíìsì, tó wá fi kan bébà, ò sì lè rọ́pò àyẹ̀wò ọdún náà.

Bí FIT bá ní ẹ̀jẹ̀ wà, kọlonóskópì ló kàn, kó má kọjá oṣù mẹ́fà. Ẹ má tún FIT ṣe láti wò ó bóyá ti àkọ́kọ́ purọ́. FIT kejì tó dáa kò fagi lé ti àkọ́kọ́, ó kàn lè jẹ́ pé pọ́líìpù náà sinmi lọ́jọ́ yẹn ni.

Àṣìṣe òdìkejì náà wà: ẹni tó ti ṣe kọlonóskópì tó dáa tún ń fi FIT há àárín ọdún 10 náà. Kò sí ohun tó ń fi kún un ju pé lọ́jọ́ kan ìgò á sọ pé ẹ̀jẹ̀ wà láìsí ìdí, wọ́n á sì tún da kámẹ́rà padà sínú ìfun tó ti mọ́.

4. Ẹ wádìí bóyá kọlonóskópì yín gbà á ní ọdún 10

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wá nínú ìwé èsì kí ẹ tó ka ọdún kankan.

*Ìmọ́tótó.* Ọ̀pọ̀ ibi ń lo ìwọ̀n Boston, tí wọ́n ń pè ní BBPS. Wọ́n á pín ìfun sí apá mẹ́ta, wọ́n á fún apá kọ̀ọ̀kan ní 0 dé 3. Apá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba 2 ó kéré tán. Ẹ má jẹ́ kí àròpọ̀ tàn yín: 3, 3 àti 1 jẹ́ 7, ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n apá tó gba 1 yẹn, wọn ò rí i dáadáa.

*Ibi tí wọ́n dé.* Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà "cecum", ìyẹn ibi tí ìfun ńlá ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìwé bá ní wọn ò dé ibẹ̀, àyẹ̀wò náà ò tíì parí.

*Ìṣẹ́jú tí wọ́n fi fa kámẹ́rà padà.* Nígbà tí wọ́n bá ń fà á bọ̀ ni wọ́n ń wò ó fínnífínní. Ìṣẹ́jú 6 ni wọ́n ń kà sí èyí tó kéré jù tẹ́lẹ̀, ìlànà Amẹ́ríkà lọ́dún 2024 sì gbé e sí 8, àìka ìgbà tí wọ́n fi ń gé nǹkan.

Bí ìfun ò bá mọ́ tó, ọdún 10 ò tíì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe láàárín ọdún kan. Ohun tó sì ń fà á kò ju bí wọ́n ṣe mu oògùn ìfọnú lọ. Ẹ dá oògùn sí méjì: ìlàjì lálẹ́, ìlàjì ní wákàtí 4 sí 6 ṣáájú àyẹ̀wò, kí ẹ sì ti mu ún tán ó kéré tán wákàtí méjì ṣáájú. Ẹni tí àyẹ̀wò ẹ̀ jẹ́ aago mẹ́jọ àárọ̀ máa jí ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń mu gbogbo ẹ̀ tán lálẹ́ kí wọ́n lè sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi inú ìfun kékeré á ti ṣàn wá bo apá ọ̀tún ìfun ńlá, ibẹ̀ sì ni pọ́líìpù pẹlẹbẹ fẹ́ràn láti sá pa mọ́ sí. Ẹ dá oògùn áyọ́ọ̀nù dúró ní ọjọ́ 5 sí 7 ṣáájú, torí ó máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú tó lẹ̀ mọ́ ìfun. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì àti ti ìtọ̀ ṣúgà, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Dókítà ló máa sọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ohun tó ń jáde kẹ́yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ omi pupa rúsúrúsú bí ìtọ̀, tí ẹ lè rí ìsàlẹ̀ àwo nínú ẹ̀. Bó bá ṣì dúdú tàbí tí ó ní èérún, ẹ fóònù wọn kí ẹ tó kúrò nílé.

5. Bí wọ́n bá gé pọ́líìpù, ẹ ka ìwé láàbù

Mẹ́ta náà lẹ máa wá: iye, ìtóbi, àti orúkọ. Orúkọ wà nínú ìwé láàbù nìkan. Adenoma àti sessile serrated ni irú pọ́líìpù tó lè di jẹjẹrẹ; hyperplastic kéékèèké kì í sábà yí. Tẹ̀ lé e báyìí, bí ìfun bá mọ́:

- Hyperplastic kéékèèké tí kò tó mìlímítà 10, ní apá ìsàlẹ̀ ìfun: ọdún 10, bí ẹni tí wọn ò rí nǹkan lára ẹ̀.
- Tubular adenoma 1 tàbí 2, tí kò tó mìlímítà 10: ọdún 7 sí 10.
- Sessile serrated 1 tàbí 2, tí kò tó mìlímítà 10: ọdún 5 sí 10.
- Adenoma tàbí sessile serrated 3 tàbí 4, tí kò tó mìlímítà 10: ọdún 3 sí 5.
- 5 sí 10 nínú wọn, tàbí ẹyọ kan tó tó mìlímítà 10, tàbí tí ìwé bá kọ "villous" tàbí "high-grade dysplasia", ọ̀rọ̀ tó ń fi hàn pé ó túbọ̀ ṣeé ṣe kí pọ́líìpù náà di jẹjẹrẹ: ọdún 3.
- Adenoma tó ju 10 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ọdún 1.
- Èyí tó tó mìlímítà 20 tí wọ́n gé ní wẹ́wẹ́: oṣù 6.

Ẹ jẹ́ ká wò ó lára ìwé kan. Wọ́n kọ ọ́ pé wọ́n gé pọ́líìpù mẹ́rin. Ẹni tó ní ìwé ọjọ́ náà nìkan á mú ọdún 3 sí 5. Ìwé láàbù wá dé: méjì jẹ́ hyperplastic nítòsí ìdí, méjì jẹ́ tubular adenoma, mìlímítà 4 àti 6. Adenoma nìkan la máa kà, ó jẹ́ 2, ìtóbi wọn la ò ní rò pọ̀. Ọdún 7 sí 10 ni. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú méjèèjì tó mìlímítà 12 ni, ọdún 3 ni ì bá jẹ́, ì báà jẹ́ òun nìkan ló wà níbẹ̀.

Nígbà ìpadàlọ, ẹni tó gba ọdún 3 lákọ̀ọ́kọ́ tí wọn ò wá rí nǹkan kan, ọdún 5 ló kàn fún un, kì í fò sí 10. Ẹni tó ní adenoma kéékèèké 3 tàbí 4 lákọ̀ọ́kọ́, tí ìkejì sì mọ́, lè padà sí 10.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* bí iye ọdún tí ẹ ṣírò àti èyí tí dókítà kọ bá yàtọ̀, ẹ bi í pé: "Dókítà, kí lẹ rí tó jẹ́ kó yá bẹ́ẹ̀?" Ó lè ní ìdí tó dáa. Ó sì lè jẹ́ pé ó kọ ọ́ kí ìwé láàbù tó dé.

6. Nígbà tí ọjọ́ orí bá kọjá 75

Láti 45 dé 75, ẹ máa bá a lọ. Lẹ́yìn 85, wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró. Láàárín 76 sí 85, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń bá dókítà rẹ̀ pinnu. Ẹni tó ń tọ́jú òbí ló máa ń bá èyí pàdé jù, ó sì nira láti sọ, torí ohun tó wà nídìí ẹ̀ ni pé èrè àyẹ̀wò yìí máa ń pẹ́ tó nǹkan bí ọdún 10 kó tó jáde. Ẹni tí àìsàn ọkàn tàbí kíndìnrín ti mú lágbára lè má rí èrè náà jẹ, ṣùgbọ́n ojú ẹsẹ̀ ni ewu ń wá. Nínú kọlonóskópì 10,000, nǹkan bí 3 ni ìfun ti máa ń lu, nǹkan bí 15 sì ni ẹ̀jẹ̀ ti máa ń ya gan-an; bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè ni ewu náà ń gòkè. Ẹ tún fi oògùn ìfọnú kún un: àgbàlagbà tó ń sáré lọ ilé ìgbẹ̀ lóru lè ṣubú.

Ìbéèrè mẹ́ta lẹ máa bi dókítà. Ṣé wọ́n ti ṣàyẹ̀wò fún Màmá rí, èsì wo sì ni? Ẹni tí kò ṣe é rí ló máa jèrè jù nínú ọjọ́ orí yìí. Ẹni tí kọlonóskópì ẹ̀ mọ́ ní 72 ti bo ara ẹ̀ dé 82. Bí wọ́n bá rí jẹjẹrẹ, ṣé ara wọn á gba iṣẹ́ abẹ? Bí kò bá ní gbà á, kí la fẹ́ fi èsì náà ṣe? Ẹ̀kẹta: kí ni Màmá fúnra wọn fẹ́?

7. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lóṣù àti lọ́dún

Bí àpẹẹrẹ: "Kọlonóskópì, oṣù 3 ọdún 2024. Ìfun mọ́, wọ́n dé cecum. Adenoma 2, èyí tó tóbi jù mìlímítà 6. Tó kàn: láàárín oṣù 3 ọdún 2031 sí oṣù 3 ọdún 2034." Ẹ ya fọ́tò ìwé méjèèjì pọ̀ mọ́ ọn. Déètì yìí lè yí bí àmì bá yọ, tàbí bí mọ̀lẹ́bí tímọ́tímọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ní in. Ìpele kejì lẹ máa padà sí nígbà náà.

Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ìyá yín àti ọmọ yín tó ti dàgbà. Bí wọ́n bá gé adenoma tó tó mìlímítà 10 lára yín kí ẹ tó pé 60, ọdún 45 tí wọ́n ń dúró dè ti sún wá sí 40, tàbí kó tún yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.